Ìwádìí Tó Kú Ṣáájú Màmá Oníbúrẹ́dì

Ìbídùn kò tíì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ tó fi gbọ́ èémí ìyá rẹ̀ láti inú yàrá. Ó ń dún fíín-fíín, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń jò lára táyà kẹ̀kẹ́.

"Màmá, ẹ má dìde o. Èmi ni. Mò ń bọ̀ wá bá yín níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n ìyá ti dìde. Kì í gbà kí ọmọ ti Òṣogbo dé kí òun má jáde pàdé rẹ̀. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó dúró, ó mí. Ó rìn díẹ̀, ó di ẹ̀yìn àga mú, ó tún dúró, ó tún mí. Kó tó ráyè jókòó, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Káàbọ̀, ọma mi. Ṣé ọ̀nà dára?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà sílẹ̀ ná, Màmá. Ṣé ẹ ò lo oògùn ikọ́ tí mo rà fún yín ni?"

"Mo lò ó tán. Mo tún lo èyí tí oníkẹ́mísìtì fún mi. Wọ́n kọ́kọ́ ní ikọ́ fée ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò ní ilé ìwòsàn, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Pásítọ̀ ní ká gbààwẹ̀, a gbà á. Ó ṣì wà bó ṣe wà."

Lucy ni orúkọ tí wọ́n sọ ìyá yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ṣùgbọ́n Màmá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò wọn ní Iléṣà ń pè é. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ló ti ń dáná ààrò búrẹ́dì. Igi ni wọ́n fi ń dá a, lábẹ́ òrùlé páànù kan tí kò ga, tí èéfín kì í tètè rí ọ̀nà jáde níbẹ̀. Owó búrẹ́dì yìí ló fi rán Ìbídùn àti àwọn àbúrò rẹ̀ níléèwé. Òun náà ló fi ra aṣọ àkọ́kọ́ tí Ìbídùn pàtẹ ní Ọjà Ọba l'Óṣogbo. Màmá kò fẹnu kan sìgá rí láyé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n kéde pé dókítà kan fẹ́ rí ẹnikẹ́ni tó bá ti ń wúkọ́ tipẹ́, tàbí tí kì í lè gun òkè láìdúró mí. Ìbídùn fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ tò sórí ìlà.

Obìnrin kékeré kan ni dókítà náà, Tiwalolúwa lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i láàárín àwọn akọrin, ẹ ó rò pé ọmọ iléèwé ni. Ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tóbi ju fóònù lọ, tí wọ́n ki ọ̀pá oníbébà sí lẹ́nu.

"Màmá, ẹ fi ẹnu bò ó. Ẹ fa èémí sínú dáadáa, kí ẹ wá fẹ́ ẹ jáde tagbáratagbára, bí ìgbà tí ẹ bá ń fẹ́ iná."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Iná fífẹ́? Dókítà, ìwọ ò mọ̀ mí nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni."

Ó fẹ́ ẹ. Èémí tó jáde kò tó nǹkan. Dókítà ní kó tún un ṣe. Ó tún fẹ́ ẹ, ikọ́ sì gbé e, ó wúkọ́ wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Dókítà wo ojú ẹ̀rọ náà pẹ́ títí. Nígbà tó gbójú sókè, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóóró yín ti fún pọ̀, Màmá. Kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kì í ṣe ikọ́ fée. Èéfín ló ṣe é, díẹ̀díẹ̀, láti ìgbà tí ẹ ti wà nídìí ààrò. Kì í ràn, kò sì sẹ́ni tó fi ṣe yín."

"Ṣé ó máa lọ?" Ìbídùn ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

"Mi ò ní purọ́ fún yín. Ibi tó ti bàjẹ́ kò ní padà sípò. Ṣùgbọ́n a lè ṣe é tí kò fi ní yára bàjẹ́ sí i, a sì lè mú kí wọ́n máa mí dáadáa ju báyìí lọ."

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi sọ bẹ́ẹ̀ fún wa látọjọ́ yìí?"

Dókítà Tiwalolúwa mí kanlẹ̀. "Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ wa, àwọn tó ń mu sìgá ní ìlú òkèèrè ni wọ́n fi ṣe ìwádìí rẹ̀. Ta ló ti jókòó ti àwọn oníbúrẹ́dì Iléṣà? Ta ló ti fi ẹ̀rọ yìí sẹ́nu àwọn tó ń yan ẹja, àwọn tó ń yan gààrí? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ mọ bí a ṣe lè tètè rí i kó tó pọ̀ jù, àti ìtọ́jú tí apá wa níbí lè ká. Iṣẹ́ tí mo fi ara mi jìn fún nìyẹn."

Bí Màmá ṣe di ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí dókítà ń tẹ̀ lé nìyẹn.

Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń fà sínú láti ẹnu, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lò ó, nítorí púpọ̀ nínú wọn ló ń fún un sórí ahọ́n bíi lọ́fínńdà. Ó ní kí wọ́n máa ṣu ẹnu jọ bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná nígbà tí wọ́n bá ń mí jáde. Wọ́n á rìn yí gbọ̀ngàn ká, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún rìn. Ó tẹ̀ lé Màmá délé, ó ní kí wọ́n ká páànù ẹ̀gbẹ́ kan kúrò lára òrùlé ààrò, kí Màmá má sì sún mọ́ iná mọ́, kó máa ta búrẹ́dì níwájú ilé.

Nígbà tí òjò fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, Màmá ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró lọ́nà. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, Ìbídùn gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú orin láti orí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó yí ojú síbi fèrèsé kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i tó ń sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Dókítà Tiwalolúwa yọ sí ìsọ̀ Ìbídùn ní Ọjà Ọba. Ó jókòó sórí àpótí láàárín àwọn aṣọ, ó dúró kí oníbàárà kan rajà tán kó lọ.

"Àǹtí, owó ti tán."

"Owó wo?"

"Owó tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Owó ọdún kan ni wọ́n fún mi. Àìsàn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ọmọge di ìgbà arúgbó, mi ò lè rí ìdí rẹ̀ láàárín ọdún kan."

"Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn mìíràn ná."

"Mo ti bèèrè títí. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú iṣẹ́ ńlá tí mo ti ṣe parí wá, kí wọ́n tó lè fún mi lówó. Èmi náà ò sì lè parí iṣẹ́ ńlá láìsí owó. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí orúkọ wọn ti jáde, ni wọ́n máa ń fún. Bóyá nígbà tí irun èmi náà bá funfun, wọ́n á dá mi lóhùn." Ó fi ọwọ́ pa ojú. "Ṣùgbọ́n Màmá ò lè dúró dìgbà yẹn, Àǹtí. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Ìbídùn rò ó. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò l'Óṣogbo. Àwọn ènìyàn tọ́wọ́ wọn tẹ́nu ni wọ́n, oníṣòwò aṣọ, agbẹjọ́rò, àwọn tó ń ta irin. Àwọn kan nínú wọn, ìdí ààrò búrẹ́dì tàbí ìdí àgbàdá gààrí ni ìyá tiwọn náà ti tọ́ wọn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ bá àwọn ènìyàn wa."

Wọ́n ṣe ìpàdé náà ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, nítòsí Old Garage. Alàgbà Micah, alága ẹgbẹ́, fún dókítà láyè, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀.

"Dókítà, ẹ ṣeun," Ọ̀gbẹ́ni Bánjí, tó ń ta irin, ló kọ́kọ́ dìde. "Bí ẹ bá ní ká ra oògùn fún àwọn màmá, a máa rà á lónìí. Ṣùgbọ́n ìwádìí! Ká kówó fún ènìyàn kó lọ máa bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀? Kí ni ìlú máa rí níbẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni dókítà wí, "kò sí oògùn tí ẹ lè rà tí kì í ṣe pé ẹnìkan kọ́kọ́ bèèrè ọ̀rọ̀ kó tó jáde. Bí a ò bá mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, oògùn tí kò bá àìsàn mu la máa máa rà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn màmá yìí ló ti gba oògùn ikọ́ fée fún ọdún pípẹ́."

"Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn," ẹlòmíràn sọ láti ẹ̀yìn.

"Ìjọba ńkọ́? Ṣé wọn ò fún yín ní nǹkan kan ni?" Alàgbà Micah bèèrè.

"Wọ́n ní kí a máa retí, sà. A ti ń retí látìgbà tí mo ti jáde iléèwé."

Ìbídùn dìde. Ó sọ bí ìyá òun ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wà báyìí. Ó ní, "Ẹ wá wò wọ́n. Wọ́n ń rìn. Wọ́n ń kọrin. Kì í ṣe àròsọ."

Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n kẹ́dùn, wọ́n ní Ọlọ́run máa tọ́jú Màmá. Alàgbà Micah ní ẹgbẹ́ máa gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n á ránṣẹ́ sí dókítà. Wọn ò ránṣẹ́. Nígbà tí oṣù méjì kọjá, wọ́n fi owó ẹgbẹ́ ṣe gééètì onírin tuntun sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó dáwó sára rẹ̀.

Dókítà Tiwalolúwa kò kọ́kọ́ fi àwọn màmá sílẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ ló fi ń ra oògùn. Nígbà tí oògùn wọ́n sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún àwọn tí ara wọn burú jù. Lẹ́yìn èyí ni ilé iṣẹ́ tó yá a ní ẹ̀rọ ní kó dá a padà. Àwọn Ọjọ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọjọ́ kan wá dé tó kàn jókòó sí gbọ̀ngàn pẹ̀lú àwọn màmá, tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ lásán.

Ọjọ́ tó wá dágbére, Ìbídùn wà nílé ìyá rẹ̀. Iléèwé gíga kan ní ìlú òkèèrè ti gbà á.

"Wọ́n ní owó wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe," ó ní. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. "Mi ò fẹ́ lọ, Àǹtí. Mo ti dúró títí."

Inú bí Ìbídùn, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ líle. Màmá ló dá a lẹ́kun. Ó gbá dókítà mọ́ra, ó di búrẹ́dì sínú láílọ́ọ̀nù fún un. "Máa lọ, ọma mi. O gbìyànjú. Ìlú ò gbìyànjú pẹ̀lú rẹ."

Ọyẹ́ ọdún náà le. Eruku bo ojú ọ̀run, àwọn ènìyàn sì ń dáná sun igbó káàkiri. Oògùn Màmá ti tán, èyí tí Ìbídùn rí rà, kì í ṣe irú rẹ̀. Ikọ́ padà. Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í di férémù mú, kò sì pẹ́ tí kò fi lè kúrò lórí ibùsùn mọ́. Ìjókòó ló ń sùn, tó gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà, nítorí bó bá dùbúlẹ̀, èémí á há.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin kan tó ti rẹ̀ gan-an, bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ìbídùn.

"Ta ló ń tọ́jú wọn tẹ́lẹ̀?"

"Dókítà kan ni. Ó ti lọ."

"Lọ síbo?"

"Òkèèrè."

Ọkùnrin náà mi orí, kò bèèrè ìdí. Ó jọ pé ó ti gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ tó.

Màmá fa ọwọ́ Ìbídùn. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sinmi láàárín wọn. "Bá mi pe… ọmọ yẹn. Sọ fún un… pé mi ò bínú."

Ìbídùn pè é, ìpè náà kò wọlé. Ó ṣì ń pè é nígbà tí Màmá dákẹ́.

Wọ́n sin ín tán. Ìbídùn padà sí Òṣogbo, ó ṣí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń ta aṣọ, ṣùgbọ́n kò sí adùn nínú nǹkan kan. Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbi tó ń gbé, obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn tó ń yan ẹja tà, Nọ́síràtù. Ní ọjọ́ kan, ó wá kí Ìbídùn kú ìrọ́jú, ó sì dúró láàárín ọ̀rọ̀, ó di ògiri mú, ó ń mí.

"Nọ́síràtù, láti ìgbà wo nìyẹn?"

"Alihamudulilahi, Àǹtí, ikọ́ lásán ni. Mo ti ra oògùn."

Ẹ̀rù ba Ìbídùn. Ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ìbídùn ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní àwọn ò ní in, wọ́n darí wọn sí ibòmíràn. Ti ibẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe.

Ó tún pe Tiwalolúwa. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé e. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ sunkún lórí Màmá.

"Dókítà, ta ló gba iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn yín? Kí n mú ẹnìkan lọ bá a."

"Kò sẹ́ni tó gbà á, Àǹtí. Àwọn méjì tí mo kọ́, ọ̀kan ti wà ní báńkì, èkejì ti jáde nílùú."

"Gbogbo ohun tí ẹ rí lára Màmá àti àwọn yòókù ńkọ́?"

"Kò pọ̀ tó. Wọ́n ní àwọn ènìyàn náà kéré, àkókò náà kúrú, a ò lè fi mú ohunkóhun dájú. Ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ẹ̀dọ̀fóóró àwọn ará ìlú ibí ni mò ń wò báyìí. Owó wà fún tiwọn."

Ìbídùn lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Mo sin ìyá mi. Ẹ̀yin náà wá síbi ìsìnkú, ẹ ná owó níbẹ̀, mo dúpẹ́. Bí a bá ti fi ìdá kan nínú owó tí a ná lórí òkú yẹn gbé ọmọ yẹn ró nígbà tó wà níwájú wa, bóyá Màmá kì bá tíì kú, bóyá wọ́n ì bá kú náà, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n à bá mọ ohun tí a máa ṣe fún ẹni tó kàn."

Alàgbà Micah tẹ orí ba. Ó ní àwọn gbọ́, àwọn máa wò ó bóyá ó máa bọ́ sí ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nọ́síràtù ṣì ń yan ẹja, nítorí ohun tó ń jẹ nìyẹn. Ó kàn ti gbé ààrò kúrò nínú ilé sí gbangba ni, bí Tiwalolúwa ṣe sọ fún un lórí fóònù.

Ẹ̀yin ará wa, irú Màmá Oníbúrẹ́dì pọ̀ nílé yín. Bí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lára ẹnikẹ́ni, ẹ má jókòó ti oògùn kẹ́mísìtì. Ẹ lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí kì í bá ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ikọ́ kò sì lọ, tàbí tí èémí ń há, ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò èémí, ẹ má sì jẹ́ kó sú yín láti bèèrè. Ẹ gbé iná igi àti èédú kúrò nínú ilé. Ẹ ṣí òrùlé ibi ìdáná kí èéfín lè rí ọ̀nà lọ. Ẹ má pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí èéfín. Ẹ má lo oògùn àfàsínú ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò tó bí kò bá sí ẹni tó ń wádìí. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà àti olùwádìí wà láàárín wa tí wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń pa wá. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ni wọ́n nílò ìrànwọ́ jù, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ̀yin ìjọ àti mọ́sálásí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ ya nǹkan sọ́tọ̀ fún wọn lọ́dọọdún, kó sì jẹ́ fún ọdún tó tó láti fi parí iṣẹ́. Bí ẹni tí ẹ dìbò fún bá wá sí àdúgbò yín, ẹ bi í léèrè iye ọ̀dọ́ olùwádìí tí ìjọba rẹ̀ gbé ró. Bí àwọn olùwádìí bá sì wá bá yín pé kí ẹ fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ, ẹ má sá.

Ẹni tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ kì í dúró títí láé. Ẹ dá a lóhùn nígbà tó ṣì wà nítòsí.